Sọ́fítíwia cloud tí ẹ̀ka iṣẹ́ rà láìsọ fún IT: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí IT dí gbogbo sọ́fítíwia cloud (èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ rà lẹ́yìn wọn, ẹ dákun, ẹ má tíì dí nǹkan kan. Bí ẹ bá dí i lónìí, orí fóònù ara wọn ni wọn yóò ti máa lò ó lọ́la, pẹ̀lú ímeèlì tara wọn, ẹ̀yin ò sì ní rí ohunkóhun mọ́. Ọ̀nà ìwọlé, dátà àti ìwé àdéhùn ni kí ẹ gbà sí ìkáwọ́ yín. Sọ́fítíwia náà lè dúró.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Ẹ gba àkọsílẹ̀ káàdì ilé iṣẹ́ àti ti owó tí òṣìṣẹ́ san látinú àpò ara rẹ̀ tí wọ́n dá padà fún un, oṣù 13 sẹ́yìn. Bí ẹ bá dúró sórí 12, owó ọdọọdún tí ọjọ́ rẹ̀ sún díẹ̀ lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní rísíìtì, nítorí náà ẹ wo ibi tí wọ́n to àṣẹ tí òṣìṣẹ́ fún àwọn áàpù láti wọ inú àkántì wọn sí: nínú Google Workspace, Admin console, Security, títí dé API controls, lọ́dọ̀ Microsoft, Entra ID, Enterprise applications. Èyí tó lè ka gbogbo ímeèlì tàbí gbogbo fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Yíyí páásíwọ́ọ̀dù padà kò tó. Tókìn OAuth, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣẹ tí áàpù ti gbà láti wọ àkántì láìlo páásíwọ́ọ̀dù, lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àfi kí ẹ fagi lé àṣẹ náà gan-an.

Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni orúkọ tó wà lórí àkántì. Ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ alábòójútó kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ ti ímeèlì rẹ̀, líǹkì tí wọ́n fi ń tún páásíwọ́ọ̀dù ṣe yóò máa lọ sí àpótí tí ẹnikẹ́ni ò ṣí mọ́. Ẹ fi alábòójútó kejì sí i, lórí ímeèlì tó jẹ́ ti ẹ̀ka. Kí ẹ tó ti àkántì ẹni tó ń lọ, ẹ wo kọ́kọ́rọ́ API (èyí tí sọ́fítíwia kan fi ń bá òmíràn ṣiṣẹ́) àti àwọn iṣẹ́ tó ń dá ara wọn ṣe lórúkọ rẹ̀: wọ́n lè dákẹ́ láìsí ariwo, kó jẹ́ ìparí oṣù tí ìròyìn kò wọlé ni wọ́n tó mọ̀.

Ẹ so sọ́fítíwia náà mọ́ SSO yín (ìwọlé kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ń lò fún gbogbo sọ́fítíwia) nípasẹ̀ SAML tàbí OpenID Connect, àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwia ló fi SSO sínú ètò tó wọ́n, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀ kí àdéhùn tó tún ara rẹ̀ ṣe. Bó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ pa ìwọlé onípáásíwọ́ọ̀dù. SSO kì í sì í pa àkántì rẹ́: láìsí SCIM (ìlànà tó ń ṣí àkántì tó sì ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀), ọwọ́ ni ẹ ó fi yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa sanwó lórí ẹni tó ti lọ.

Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ̀ka ìpolówó fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ tètè dé ibẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè SPF (àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ dómẹ́ènì yín), DKIM (òǹtẹ̀ lórí ímeèlì) àti DMARC (ohun tí wọn yóò ṣe sí ímeèlì tó bá kùnà) lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ẹ̀ka náà á ní kí ẹ ṣáà fi ìlà “include” kan, èyí tó ń tọ́ka sí SPF ilé iṣẹ́ mìíràn, kún SPF. Ìwádìí 10 péré nínú DNS (ìwé orúkọ dómẹ́ènì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni SPF gbà, include kan ṣoṣo sì lè jẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí wọ́n ń ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà. Bó bá kọjá 10, permerror (àṣìṣe tó ń sọ SPF di asán) ni, gbogbo ímeèlì dómẹ́ènì náà ló sì kàn, títí kan ìwé owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ẹ dá subdomain (ẹ̀ka lábẹ́ dómẹ́ènì yín) sílẹ̀ fún ìpolówó, pẹ̀lú SPF àti DKIM tirẹ̀.

Ẹ gbìyànjú kíkó dátà jáde báyìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò. CSV (fáìlì onílà tí wọ́n sábà fi ń kó dátà jáde) sábà máa ń fi fáìlì tí wọ́n so mọ́ àkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àkíyèsí sílẹ̀. Ẹ ka iye ìlà, kí ẹ fi wé èyí tó wà lójú ẹ̀rọ. Àdéhùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe sábà máa ń béèrè pé kí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ 30, 60 tàbí 90 ṣáájú bí ẹ ò bá ṣe mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí kàlẹ́ńdà ẹni méjì.

Fọ́ọ̀mù tí wọn yóò fi máa béèrè fún tuntun kò gbọdọ̀ ju ìbéèrè mẹ́rin lọ: irú dátà tí yóò wọ inú rẹ̀, ẹni tí yóò jẹ́ alábòójútó, ọ̀nà ìwọlé, àti bí dátà ṣe ń jáde. Èyí tí kò bá ní dátà oníbàárà tàbí ti òṣìṣẹ́ nínú, ẹ dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.