Ìbéèrè òǹkàwé: Ṣé ìmòye ló ní kí ilé mi má ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí ọ̀nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Arákùnrin tó ń ya ilé náà fún mi kàwé gan-an. Ó ní onímòye kan ní Amẹ́ríkà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé "form follows function", pé ohun tí kò bá níṣẹ́ kò gbọdọ̀ sí lára ilé. Nítorí náà, ilé mi yóò rí bíi páálí: òrùlé á sá pamọ́ sẹ́yìn párápẹ́ẹ̀tì (ògiri tí wọ́n mọ ga yí òrùlé ká), kò ní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní sí ọ̀ṣọ́ kankan. Ìyá mi ti fárígá. Wọ́n ní ilé tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìmòye wo ló yẹ kí n tẹ̀ lé? Àwa Yorùbá ńkọ́, ṣé a ní tiwa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, ilé ọ̀hún á tura. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí ní irú ìbéèrè yìí lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń bí mi nínú díẹ̀. Bí ìdáhùn mi bá gbóná, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìbéèrè náà ṣe. Ẹni tó sọ gbólóhùn yẹn kì í ṣe onímòye. Ayàwòrán ilé bíi tèmi ni. Louis Sullivan lorúkọ rẹ̀, Chicago ló ti ṣiṣẹ́ jù, ọdún 1896 ló sì kọ ọ́ sínú àròkọ kan nípa ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ fún ọ́fíìsì. Òótọ́ ni pé orí rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1887 ó kọ lẹ́tà sí akéwì Walt Whitman láti sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wọ òun lákínyẹmí ara. Ohun tó wá sọ nínú àròkọ náà, ẹ̀rọ kọ́ ló fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹyẹ idì tó ń fò lókè ló mẹ́nu bà, àti òdòdó igi ápù tó là, ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́, igi tó ya ẹ̀ka, odò tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó ní ohun tí nǹkan wá ṣe láyé ni ìrísí rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ idì kì í ṣe iṣẹ́ ẹja, ara wọn ò sì lè jọra. Ẹ wá gba tèmi wò: òdòdó igi ápù tó là, ṣé ohun tí kò ní ọ̀ṣọ́ nìyẹn?

Níbo gan-an ni wọ́n ti rí i pé Sullivan ní kí ilé wà níhòòhò? Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ilé Guaranty tó yà sí Buffalo, ọdún 1896 kan náà tó kọ gbólóhùn yẹn ni wọ́n parí rẹ̀. Amọ̀ sísun tí wọ́n fi ewé, irúgbìn àti onírúurú bátànì dárà sí ló bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé wọ́n da léèsì bo ilé ni. Ti Wainwright ní St. Louis, tó ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún márùn-ún, náà ní ọ̀ṣọ́ lára. Arákùnrin yín lè fa àròkọ rẹ̀ ti 1892 yọ, níbi tó ti ní á dára ká fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Kó kà á dé ìsàlẹ̀: ó ní ká fi kọ́ bí a ṣe ń mú ilé dúró dáadáa ni, kí ọ̀ṣọ́ tó bá wá tẹ̀ lé e lè hù jáde lára ilé bí òdòdó ṣe ń hù láàárín ewé igi tó bí i. Ẹni tó ní kí n gbààwẹ̀ kò ní kí n má jẹun mọ́ láyé.

Ìhòòhò tí wọ́n ń pariwo yẹn, Vienna ni ariwo rẹ̀ ti le jù, ní ilẹ̀ Ọ́stríà. Adolf Loos, ayàwòrán ilé lòun náà, ni ó sọ̀rọ̀ kan níwájú àwùjọ ní nǹkan bí 1910, tó pe àkọlé rẹ̀ ní Ọ̀ṣọ́ àti Ìwà Ọ̀daràn. Èrò kan tó gbòde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù nígbà náà ló gùn lé, pé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ aráyé ń gùn: òyìnbó ti dókè, àwa yòókù ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Loos ní ará Papua, erékùṣù kan lẹ́bàá Ọsirélíà, a máa fín ara rẹ̀, á fín ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, á fín àjẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ̀bi, ibi tó mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni òde òní tó bá fín ara, ó ní ọ̀daràn ni tàbí ẹni tó ti bàjẹ́. Ó ní bí ọ̀làjú bá ṣe ń gòkè ni ọ̀ṣọ́ ń bọ́ kúrò lára ohun èlò ojoojúmọ́.

Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Àwọn baba ńlá wa tó kọ ilà, àwọn ìyá wa tó fín apá, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó, àwọn gan-an lọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àwa tí à ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwa la wá ń bọ́ ẹ̀ṣọ́ lára ilé nítorí ọkùnrin kan tó rò pé ilà ojú ìyá wa ni àmì pé a kò tíì lajú. Mi ò sọ pé ilé tó mọ́ kedere kò dáa o. Ó wu èmi gan-an. Ṣùgbọ́n kí arákùnrin yín sọ pé ó wu òun. Kó má sọ ọ́ di òfin ìmòye. (Loos fúnra rẹ̀ ò fẹ́ràn òṣì. Ilé tó kọ́ sí Michaelerplatz ní Vienna, òkúta mábù aláwọ̀ ewé ló fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.)

Lẹ́yìn náà ni Le Corbusier dé, ayàwòrán ilé ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1923 ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí à ń gbé inú rẹ̀ ni ilé, ó sì fẹ́ kí òrùlé tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó lókìkí jù nínú irú ilé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Villa Savoye ní Poissy, lẹ́bàá Páríìsì, tí wọ́n parí ní 1931. Òjò ń wọ ibẹ̀. Ìyá onílé, Madame Savoye, kọ lẹ́tà títí. Ní 1936 ó ṣàlàyé fún un pé òjò ń rọ̀ sí gbọ̀ngàn, ó ń rọ̀ sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń gbà gòkè, ògiri gáréèjì sì ti rin gbingbin. Òjò Páríìsì lọ́dún kò ju nǹkan bí ìdajì ti Ìbàdàn lọ. Tiwa lé ní mílímítà 1,200, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì máa ń já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìjì.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òṣùwọ̀n Sullivan wọn ilé tiyín. Kí ni iṣẹ́ òrùlé n'Íbàdàn? Kó gbé omi jìnnà sí ògiri, kó sì ṣíji bo fèrèsé nígbà tí oòrùn bá ń ta. Etí òrùlé tó yọ síta ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibẹ̀ lẹ ti ń gba àlejò tí kò tíì yẹ kó dé pálọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń sá sí bí iná bá lọ. Párápẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe fún yín, ó ń fi òrùlé pamọ́ kí ilé lè jọ fọ́tò orí Instagram. Bí ohun tí kò níṣẹ́ bá gbọdọ̀ kúrò lóòótọ́, párápẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn rèé. Páànù tí kò dagun tó ń da omi sínú gọ́tà oníkọnkéré tó wà láàárín òrùlé àti párápẹ́ẹ̀tì. Ewé, eruku àti ọ̀rá á dí ihò omi. Omi á kún, á wá ibi tí gọ́tà ti pàdé ògiri, nítorí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sán, á sì gba inú búlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ ó máa bú ọlọ́dà. Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe bí gọ́tà bá fẹ̀ tó sì dagun dáadáa, bí ihò omi bá ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n bá tẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sí i, tí ẹnì kan sì ń gòkè lọ kó ewé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò máa gòkè nílé yín?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ya irú ilé bẹ́ẹ̀ fún tọkọtaya kan, mo sì fi ọ̀rọ̀ Le Corbusier tì í lẹ́yìn bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. Òjò kejì ni ìyàwó pè mí láago kan òru. Kò bú mi. Ó kàn gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n lè gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú bàsíà. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe.

Bí arákùnrin yín bá fẹ́ rí ibi tí gbólóhùn Sullivan ti ṣiṣẹ́ dáadáa, kò nílò físà. Kó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, kó dúró níwájú ilé ìkàwé Kenneth Dike. Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ló yà á, àwọn kan náà tó bá Le Corbusier ṣiṣẹ́ ní Chandigarh ní Íńdíà. Ooru ilẹ̀ wa kọ́ wọn lọ́gbọ́n: ojú ilé náà kún fún iṣẹ́ oníhò-oníhò tí ń gba atẹ́gùn wọlé tí ń dín oòrùn kù. Àwọn ihò yẹn ní bátànì. Ẹ bá mi ya ọ̀ṣọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ níbẹ̀. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì, ló darí yíya ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ilé Humanities níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ga ni wọ́n ń fẹ̀, tí àjà kọ̀ọ̀kan ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ ó ní onímòye gidi ńkọ́? Ludwig Wittgenstein kọ́lé, òun àti ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Paul Engelmann, ní Vienna láàárín 1926 sí 1928, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ní kí wọ́n gbé àjà gbọ̀ngàn kan sókè sí i ní sẹ̀ǹtímítà 3. Bíríkìlà wo lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún ní Mọ́níyà? Ẹ̀gbọ́n wọn mìíràn, Hermine, ní ilé náà jọ ibùgbé àwọn òrìṣà ju ti èèyàn lásán bíi tòun lọ. Jacques Derrida, onímòye lòun náà, bá ayàwòrán ilé Peter Eisenman ya ọgbà kan fún Parc de la Villette ní Páríìsì ní àwọn ọdún 1980. Ó di ìwé, kò di ọgbà. Èyí tó wúlò jù fún yín ni Martin Heidegger, tó bá àwọn ayàwòrán ilé sọ̀rọ̀ ní Darmstadt ní 1951. Ó ní kì í ṣe torí pé a kọ́lé la ṣe ń gbé inú rẹ̀, torí pé a jẹ́ ẹni tí ń gbé ibì kan la ṣe ń kọ́lé. Ìyá yín ti sọ ọ́ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣọ́ọ̀bù ni.

Ṣé a ní tiwa? A ní. Rowland Abíọ́dún àti àwọn ọ̀mọ̀wé míì ti kọ̀wé lórí "ìwà lẹwà". Inú "wà" ni ìwà yẹn ti jáde: ẹwà nǹkan ni pé kó jẹ́ ohun tó jẹ́, kó pé. Kò jìnnà sí idì Sullivan. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914, ní àsìkò tí Loos ń sọ tirẹ̀ ní Vienna. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ọnà Art Institute of Chicago ni òpó náà wà lónìí. Ilé ọnà yẹn kan náà ni wọ́n tún yàrá káràkátà Chicago Stock Exchange tò sí, iṣẹ́ Sullivan, lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé rẹ̀ ní 1972. Bátànì aláràbarà ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ lọ lẹ orí ọba Ifẹ̀ mọ́ géètì o. Àwọn kan ń tà á pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì báyìí, wọ́n ń pè é ní àṣà.

N kò tíì rí àwòrán ilé yín, n kò sì mọ bí ilẹ̀ yín ṣe rí, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn yìí lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé arákùnrin yẹn ti ro ọ̀rọ̀ omi náà dáadáa. Ẹ ní kó fi bíírò tọ́ ọ̀nà tí òjò ń gbà láti orí òrùlé dé ilẹ̀ fún yín lórí àwòrán náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣíji bo fèrèsé ìhà ìwọ̀ oòrùn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Etí òrùlé tó bá yọ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 máa ń tó fún ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹnjiníà ni kó bá yín fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó bóyá arákùnrin náà ní ìwé ARCON, àjọ tó ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti pé ẹnjiníà ní ti COREN, àjọ ti àwọn ẹnjiníà. Owó párápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá yọ kúrò, ẹ fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wọn àga tí ìyá yín máa ń jókòó sí, kẹ́ ẹ fi àyè ẹni tó ń kọjá kún un. Ẹ bá mi kí wọn.