Pátákó ń ṣe bàìbàì, ojú sì ń ta mí: ṣé gíláàsì ló máa wo méjèèjì?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹta mi rèé ní yunifásítì. Tí mo bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ohun tó wà lójú pátákó máa ń ṣe bàìbàì. Tí mo bá sì kàwé lórí kọ̀ǹpútà wọ òru, ojú á máa ta mí bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi á máa dà. Ṣé kí n ra gíláàsì? Wọ́n ní ṣe ló máa túbọ̀ ba ojú mi jẹ́.

Ìdáhùn: Ọ̀tọ̀ ni ti pátákó, ọ̀tọ̀ ni ti iyanrìn. Nígbà tí nǹkan bá ń ṣe bàìbàì, ẹ ṣẹ́jú dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìpéǹpéjú òkè kan ti ìsàlẹ̀. Tó bá mọ́ fúngbà díẹ̀ kó tó tún ṣe bàìbàì, omijé ló fà á. Tí kò bá yàtọ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíláàsì lẹ nílò.

Ti pátákó ò ṣòro. Ẹyinjú tó gùn jù kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà lókèèrè dé ẹ̀yìn ojú kó tó pàdé. Gíláàsì ló ń sún un débẹ̀. Kì í ba ojú jẹ́. Ẹni tó ti rí nǹkan kedere ni kì í lè fara da bàìbàì àtijọ́ mọ́.

Omijé kì í ṣe omi lásán. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó tí kì í fi í tètè gbẹ, etí ìpéǹpéjú ló ti ń jáde nígbà tá a bá ń ṣẹ́jú. Èèyàn máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà lè má ṣe tó ìdajì rẹ̀. Ojú á gbẹ, á ta, á wá da omi bí ẹni tó ń paná. Omi ọ̀hún ò lóròóró tó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣàn gbà lọ.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ìpéǹpéjú lè bo apá kan ojú, ẹ má sì jẹ́ kí fáànù dojú kọ yín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kẹ́ ẹ sì máa ṣẹ́jú. Lálẹ́, ẹ fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ojú tẹ́ ẹ dì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Oògùn tó dà bí omijé dáa. Èyí tó ń sọ ojú pupa di funfun ò dáa, àjẹkù oògùn ọ̀rẹ́ ló tún burú jù: òmíràn ní steroid (oògùn tó ń dín wíwú kù) nínú, ó lè mú kí ìfúnpá inú ẹyinjú ga láìsí ìrora kankan.

Tẹ́ ẹ bá ṣàdédé rí i tí iná ń kọ mànà nínú ojú, tàbí tí nǹkan dúdú bò ó lápá kan bíi kọ́tínnì, ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an.