Ṣé Ẹni Tí Kò Fi Èdè Fọ̀ Kò Tíì Gba Ẹ̀mí Mímọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, mo kí yín o. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Òṣogbo níbí, bíṣọ́ọ̀bù sì ti gbé ọwọ́ lé mi lórí kí n tó parí ilé ìwé girama. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí ìjọ tirẹ̀ ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀, mo sì wọ ẹgbẹ́ akọrin wọn. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kéde pé ẹni tí kò bá tíì fi èdè fọ̀ kò gbọdọ̀ dúró níwájú ìjọ kọrin mọ́, nítorí pé kò tíì gba Ẹ̀mí Mímọ́. Wọ́n mú àwa mẹ́fà wọ yàrá kan, wọ́n ní kí a máa pe "Halelúyà" léraléra, kíákíá, títí ahọ́n wa yóò fi yí padà. Àwọn márùn-ún fọ̀; èmi nìkan ni n kò fọ̀. Ìyá mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé irú èdè bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn àpọ́sítélì lọ. Ọkọ mi kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Ta ni kí n gbàgbọ́?
Akọrin tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, aya wa. Ìyá yín àti ìjọ ọkọ yín kọ́ ló dá àríyànjiyàn yìí sílẹ̀. Ó ti wà kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, àwọn tó sì ti dá sí i láti ìgbà pípẹ́ kì í ṣe ọmọdé nínú ìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an bẹ̀rẹ̀. Glossa tí Májẹ̀mú Tuntun lò ní èdè Gíríìkì dúró fún ahọ́n inú ẹnu, ó sì tún dúró fún èdè tí ènìyàn ń sọ. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, èdè sì ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa mú, tí a fi ń sọ pé ẹnì kan "fi èdè fọ̀". Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ọ, èdè tó ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ló máa ń wá sí i lọ́kàn, bíi Haúsá tàbí Nupé. Ohun tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì ròyìn bá èyí mu: àwọn èrò tó ti Pátíà, Médíà, Íjíbítì àti ibòmíràn wá sí Jerúsálẹ́mù gbọ́ èdè ìlú wọn lẹ́nu àwọn ará Gálílì, wọn kò sì wá ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kìíní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹrìnlá, Ọlọ́run ni ẹni tó ń fọ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kò sì yé ẹnikẹ́ni àfi bí a bá rí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ohun kan náà ni ìwé méjèèjì ń sọ, àwọn mìíràn ní ohun méjì ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti kọ́kọ́ pín.

Ìyá yín kò dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Johanu Krisóstómù, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà ìjọ ìgbàanì, tó wàásù lórí ìwé Kọ́ríńtì yìí ní ọ̀rúndún kẹrin, sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò ṣẹlẹ̀ mọ́ ní ìgbà tòun. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ní Àríwá Áfíríkà, náà kọ́ni pé àmì tó bá ìgbà àwọn àpọ́sítélì mu ni, ó sì ti kọjá. Àwọn tó di èrò yìí mú títí dòní máa ń tọ́ka sí 1 Kọ́ríńtì 13, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé èdè yóò dákẹ́ nígbà tí èyí tó pé bá dé, wọ́n sì ní Bíbélì tó ti pé ni "èyí tó pé" náà. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn nìyí, nítorí pé nínú orí kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ní ìgbà náà a ó rí i ní ojúkojú, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ti dé ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bíṣọ́ọ̀bù Irenaeus, tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejì tí àwọn àpọ́sítélì ti kú tán, sọ nípa àwọn ará nínú ìjọ tí ń fi oríṣiríṣi èdè sọ̀rọ̀ nípa Ẹ̀mí. Pé ó ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn náà, ìtàn gbè wọ́n. Pé Ọlọ́run ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, n kò rí i kà.

Ẹ̀kọ́ tí ìjọ ọkọ yín ń kọ́ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Topeka, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1901, ni ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì oníwàásù kan, Charles Parham, ti gbà pé èdè fífọ̀ ni àmì àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ̀ pé a ti fi Ẹ̀mí Mímọ́ batisí ènìyàn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, William Seymour, ọmọ àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, wàásù rẹ̀ ní òpópónà Azusa ní Los Angeles, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká ayé. Ìjọ Assemblies of God kọ ọ́ sínú ìgbàgbọ́ wọn ní 1916. Ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó gba Ẹ̀mí ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ilé Kọ̀nílíù àti ní Éfésù ni wọ́n fọ̀. Ní ti Iléṣà tó wà nítòsí wa níbí, nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní 1930, ìwòsàn àti omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni àwọn èrò ń wọ́ tọ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé abirùn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò béèrè èdè tí wòlíì ń fọ̀.

Pọ́ọ̀lù béèrè nínú 1 Kọ́ríńtì 12:30 bóyá gbogbo ènìyàn ni ń fi èdè fọ̀, bí ó sì ṣe béèrè rẹ̀ fi hàn pé "rárá" ni ìdáhùn. Àwọn olùkọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì mọ ẹsẹ yìí dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀bùn èdè tí a ń lò nínú ìjọ ló ń sọ, èyí tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, pé èdè tó jẹ́ àmì batisí Ẹ̀mí yàtọ̀ sí i. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò ṣe ìyàtọ̀ yìí níbì kankan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ni a kà pé wọ́n ṣe batisí ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì kan náà, a kò sì kà á pé wọ́n fọ̀. Ní Samáríà pẹ̀lú, a gbé ọwọ́ lé àwọn ènìyàn, wọ́n gba Ẹ̀mí, a kò dárúkọ èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Símónì oṣó rí ohun kan tó fi fẹ́ fi owó ra agbára náà.

Láàárín èrò ìyá yín àti ti ìjọ ọkọ yín ni ọ̀pọ̀ àwọn Kátólíìkì tó wà nínú ìsọjí Ẹ̀mí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ará Yunifásítì Duquesne ní Pittsburgh ní 1967 wà, àti ọ̀pọ̀ Áńgílíkà pẹ̀lú: wọ́n ń fọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi wọn ẹlòmíràn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (Southern Baptist), tí àwọn míṣọ́nnárì wọn dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣe òfin ní 2005 pé àwọn kò ní gba míṣọ́nnárì tuntun tó bá ń fi èdè gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀. Ní 2015, wọ́n yí òfin náà padà.

Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Kò sí ibì kan nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì tí ẹnikẹ́ni ti kọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe ń fọ̀. A kọ ọ́ pé wọ́n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀mí ti fún wọn ní ohùn. Ẹni tó bá ń pe ọ̀rọ̀ kan kíákíá fún ogún ìṣẹ́jú, ahọ́n rẹ̀ yóò yí padà, Ẹ̀mí ì báà sọ̀kalẹ̀ tàbí kó má sọ̀kalẹ̀. William Samarin, onímọ̀ èdè tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1972, gba ohùn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó sì rí i pé ìró tó wà nínú èdè tí ẹni náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń padà wá, tó ń tún ara rẹ̀ sọ. (Nígbà mìíràn tí ẹ bá wà ní ìṣọ́ òru, ẹ fara balẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀.) N kò sọ èyí láti fi pe àwọn márùn-ún yòókù ní onídìbọ́n. Ní 2006, Andrew Newberg, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn obìnrin márùn-ún tó ń fi èdè fọ̀, wọ́n sì rí i pé apá iwájú, èyí tí a fi ń darí ohun tí a ń ṣe, rọlẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń kọrin lọ. Èyí bá ohun tí àwọn obìnrin náà sọ mu, pé àwọn kọ́ ló ń darí rẹ̀. Bóyá Ọlọ́run ni, ẹ̀rọ kò lè sọ ìyẹn.

Ẹ lọ rí pásítọ̀ yín, ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kí ẹ jọ lọ, ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ìlànà ìjọ ni òfin akọrin yìí tàbí ti olórí ẹgbẹ́ akọrin nìkan. Mo ti rí ibi tó ti jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlànà ìjọ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sí àárín ìjọ kí ẹ sì máa kọrin láti ibẹ̀. Ẹ má fọ èdè tí a kò fún yín nítorí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ní ti ààwẹ̀ ọkọ yín, ẹ bá a gbà á ní ọjọ́ kan, kí ẹ sì jọ ka 1 Kọ́ríńtì 12 sí 14 tán kí ẹ tó ṣínu.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ṣé ẹni tí èdè bá ti gbé lè dá ara rẹ̀ dúró? Aládùúgbò wa ní kò ṣeé ṣe, aago méjì òru ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀.
Aláìróorunsùn, Alẹ́kúwodò

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe. Pọ́ọ̀lù ní kí ènìyàn méjì fọ̀ nínú ìjọ, tàbí kí wọ́n má ju mẹ́ta lọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sì sí ògbufọ̀, kí ẹni náà dákẹ́, kí ó máa bá ara rẹ̀ àti Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Kò ní pàṣẹ ìdákẹ́jẹ́ fún ẹni tí kò lè dákẹ́. Ẹ fi ẹsẹ 28 orí kẹrìnlá han aládùúgbò yín, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ni kí ẹ lọ bá a.