Ṣé kí ọ̀bẹ ṣáájú ni, àbí kí oògùn ṣáájú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gé jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún màmá wa. Ní báyìí, síkáànù ti fi kókó 2 hàn nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Dókítà ní kí wọ́n gba kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) fún oṣù 3 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ìfàsẹ́yìn lásán ni. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? (Láti Súúrùlérè)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè, nítorí pé bí kókó bá kéré, tí kò pọ̀, àwọn dókítà mìíràn a máa kọ́kọ́ gé e, kí oògùn tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tó ti ìfun dé ẹ̀dọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló gbà kọjá. Ó lè ti fara pamọ́ síbi tí síkáànù kò rí, ọ̀bẹ kò sì lè gé ohun tí a kò rí. Bí kókó bá sì ń dàgbà lójú oògùn, a ó ti mọ̀ kí a tó la ikùn màmá.

Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Yúróòpù lọ́dún 2008 pín aláìsàn 364 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba kẹ́mò ìgbà 6 ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti ìgbà 6 lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ṣe fún àwọn yòókù. Àrùn náà pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sára àwọn tó gba oògùn, àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ẹ̀mí gígùn lọ́dún 2013, ìyàtọ̀ náà kò dájú. Ìdí nìyí tí n kò fi ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó ṣáájú.

Orí iye oṣù ni mo ti lè jà. Oxaliplatin tó wọ́pọ̀ nínú kẹ́mò yìí a máa ba òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ yìí kan náà la fẹ́ kó hù padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. (Bí màmá bá ti gbà á lọ́dún tó kọjá, ẹ sọ fún dókítà.) Lẹ́yìn ìgbà tó kẹ́yìn tí wọ́n fa kẹ́mò síni lára, ẹ̀dọ̀ nílò ìsinmi bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kókó kékeré tún lè pòórá lójú síkáànù, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì wà níbẹ̀, tí oníṣẹ́ abẹ kò sì ní mọ ibi tí yóò gé mọ́.

Nítorí náà, kí màmá tó gba kẹ́mò àkọ́kọ́, ẹ gbé síkáànù náà lọ bá dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀, ní LUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó) ní Ìdí-Àràbà tàbí níbòmíràn, kí òun àti dókítà kẹ́mò jọ dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ tọ́jú CD síkáànù yẹn dáadáa. Òun ni yóò fi ibi tí kókó wà hàn bí wọ́n bá pòórá.