Ọkọ mi fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì ra ọkọ̀ kámpà

Lẹ́tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ẹni ọdún 56 ni mí. Ó ku díẹ̀ kí bàbá àwọn ọmọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti rí ọkọ̀ kámpà kan tí wọ́n fẹ́ rà, irú ọkọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti táǹkì omi wà nínú rẹ̀, téèyàn lè máa wà káàkiri kó sì máa sùn síbẹ̀. Àlòkù ni, ó ti lo ọdún 9. Owó rẹ̀ máa gbé bí ìdajì owó ìfẹ̀yìntì wọn lọ. A ti yá irú rẹ̀ lò rí lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní owó hótẹ́ẹ̀lì tí a ò ní máa san mọ́ ni yóò dá owó ọkọ̀ náà padà. Ẹni tó ń tà á ti ní kí a wá san àsansílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà fún un, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa ba ìdùnnú wọn jẹ́. Mi ò tíì sọ fún wọn pé mi ò lè fi ìyá mi sílẹ̀ ju alẹ́ mẹ́ta lọ mọ́, torí ara màmá ò fi bẹ́ẹ̀ le, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrònú o, arábìnrin mi. Ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á fún yín lókun sí i.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lẹ bèèrè, mo sì máa dáhùn rẹ̀ débi tó yẹ. Àmọ́ ohun tí ẹ fi parí lẹ́tà yín gan-an ló máa pinnu bóyá ọkọ̀ yìí tó iye tí wọ́n ń pè é. Iye alẹ́ tí ẹ bá sùn nínú kámpà láàárín ọdún kan ló ń sọ bóyá owó yín ò ṣòfò. Ẹ̀yin mọ iye náà. Bàbá àwọn ọmọ yín ò mọ̀ ọ́n. Iye míì ni wọ́n ń fi ṣírò, wọn ò sì jẹ̀bi, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà. Ọ̀nà méjì ni kámpà ń gbà jẹ owó. Àkọ́kọ́ ni owó ìdúró: ìnṣọ́ránsì, owó ìwé ọkọ̀, owó ibi tí ẹ máa gbé e sí bí àyè ò bá sí nílé, owó mẹkáníìkì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àti iye tó ń dín lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Bí ẹ rìn o, bí ẹ ò rìn o, owó yìí ń lọ. Èkejì ni owó ojú ọ̀nà: epo, gáàsì, owó ibùdó tí ẹ máa páàkì sí mọ́jú. Hótẹ́ẹ̀lì tí bàbá ń sọ ò kan owó ìdúró rárá. Kódà lójú ọ̀nà náà, ọkọ̀ tó ga tó sì wúwo báyẹn máa ń mu epo ju mọ́tò kékeré lọ, ibùdó tó ní iná àti omi kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Nítorí náà, ẹ má fi hótẹ́ẹ̀lì wé e. Yíyá kámpà ni kí ẹ fi wé e, torí ìyẹn lẹ ti ṣe rí, ẹ sì gbádùn rẹ̀. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ gbogbo owó ìdúró ọdún kan sílẹ̀. Kí ẹ lè mọ iye tí ọkọ̀ ń dín kù, ẹ mú iye tí wọ́n ń tà á lónìí, ẹ yọ iye tí irú rẹ̀ tó ti lo ọdún 14 ń lọ lọ́jà kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ pín èyí tó kù sí ọ̀nà márùn-ún. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá fi iye tí wọ́n ń gbà láti yáni ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ kan pín in. Ohun tó bá jáde ni iye alẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ sùn nínú ọkọ̀ náà lọ́dọọdún kí rírà tó sàn ju yíyá lọ. Mi ò ka epo àti ibùdó mọ́ ọn, torí ẹ máa san ìyẹn, ì báà jẹ́ ẹ yá a, ì báà jẹ́ ẹ rà á.

Ká ní 45 ló jáde. Bí ẹ ò bá lè kọjá alẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ìrìn àjò 15 nìyẹn lọ́dún, ó ju ẹyọ kan lọ lóṣù, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ẹ má wo ti ọdún tó ń bọ̀ tí ẹ̀ ń fọkàn yà. Òpin ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ rí lò fún ara yín lóòótọ́?

Ẹ̀wẹ̀, àlòkù ọlọ́dún 9 lẹ sọ pé ó jẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí kámpà, ilé ni, ọkọ̀ ni. Ohun tó ń ba ọkọ̀ jẹ́ ń bà á jẹ́, ohun tó ń ba ilé jẹ́ náà ń bà á jẹ́, ìdúró gbọọrọ láìrìn sì tún ń ṣe tiẹ̀ sí i lára. Ẹ mú táyà. Ẹni tó ń tà á lè fi hàn yín pé ojú táyà ṣì jinlẹ̀, pé ọkọ̀ ò tíì rìn jìnnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Ẹ máa rí lẹ́tà DOT níbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ló sì gbẹ̀yìn ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ 2317, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà máa ń gbó bí wọn ò tiẹ̀ lò ó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bó bá ti lé ní ọdún 5, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá pé ọdún 10, bó ti wù kó dára tó lójú. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní timing belt náà, bí wọ́n ṣe ń ka kìlómítà fún un ni wọ́n ń ka ọdún fún un. Bó bá já lójú ọ̀nà, ó lè sọ ẹ́ńjìnnì di ohun tí a ń jù nù.

Bátìrì méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, èyí tó ń sítáàtì ọkọ̀ àti èyí tó ń tan iná inú ilé. Bí ti inú ilé bá jẹ́ irú olómi àtijọ́, tí ẹ sì ń lò ó kọjá ìdajì agbára rẹ̀ kí ẹ tó ṣáájì rẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Bí ẹ bá pa á tì fún oṣù mélòó kan láìṣáájì rẹ̀, yóò kú bákan náà.

Àmọ́ omi ni ọ̀tá tó burú jù. Omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òrùlé wọlé kì í pariwo. Inú pákó tó wà láàárín ògiri ló ń wọ̀, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹ ká tìmùtìmù kúrò, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù òkè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ igun ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé, etí gbogbo fèrèsé, àti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ibi tó bá ń rọ̀ wọnú, ibi tí ohun tí wọ́n fi bo ògiri bá ti wú, ibi tí òórùn èéhù bá ti ń jáde, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Àtúnṣe rẹ̀ lè gba pé kí wọ́n tú ògiri palẹ̀. Bó bá jẹ́ onírin látòkè délẹ̀, ìpẹtà ni kí ẹ wá ní àwọn ibi kan náà. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì sì yẹ àwọn páìpù wò, kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró kan, bá wà nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn kò ní òórùn, ojú oorun ló ń pa èèyàn sí. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré rárá.

Ẹ bèèrè ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kámpà ni kò gbọ́dọ̀ ju 3,500 kg lọ tòun tẹrù tèèyàn, líta omi kan sì jẹ́ kílò kan. Táǹkì tó gba líta 100 ti kó 100 kg nìyẹn kí ẹ tó gbé àpò kankan sí i.

Ní ti àsansílẹ̀ opin oṣù, ẹ má san án. Ẹni tó ń tà á ló ń kánjú, ẹ̀yin ò kánjú.

Mo mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n ohun tó dára. Ẹni tó ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà èwe, tí iṣẹ́ sì fẹ́ parí, ń wá ibi tí yóò tún máa jí lọ. Bóyá ohun tí ọkọ̀ yìí jẹ́ fún bàbá nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn kan wà tí rírà tọ́ sí: àwọn tó lè gbéra nígbàkigbà, tí inú wọn ń dùn pé bẹ́ẹ̀dì wọn ni, ife wọn ni, gbogbo ẹrù wọn sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ronú ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ìṣirò yín bá fi hàn pé rírà fi díẹ̀ wọ́n ju yíyá lọ, èmi fúnra mi lè ní kí ẹ rà á nítorí ìtura yẹn. Ohun tí mi ò lè fọwọ́ sí ni kí ìdajì owó tí kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì dúró sójú kan, kí bàbá máa wò ó pé ẹ ò bá wọn lọ, kí ẹ̀yin náà máa wò ó pé ìyá yín lẹ fi ń dí wọn lọ́wọ́. Ìbínú tí ẹnikẹ́ni ò sọ jáde á wá máa gbé nínú ilé.

Torí náà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì fi owó bẹ̀rẹ̀. Ìyá yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè sọ pé: “Dádì, mo gbádùn ìrìn àjò tí a lọ yẹn, inú mi á sì dùn kí a tún lọ. Ṣùgbọ́n ara màmá ò jẹ́ kí n lè kúrò nílé ju alẹ́ mẹ́ta lọ mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́ fún yín. Báwo la ṣe máa ṣe é?” Kí ẹ wá dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ti ní nǹkan lọ́kàn. Wọ́n lè fẹ́ máa dá lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan jọ máa lọ. Ẹ ò sì sọ bóyá ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó lè wá dúró ti màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, tó sì gbà, iye alẹ́ yín á yí padà, ìmọ̀ràn mi náà á sì yí padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ rà á kí ẹ sì máa fi yáni, ẹ kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín. Ìnṣọ́ránsì ara ẹni kì í sábà gba irú òwò bẹ́ẹ̀, àsìkò ìsinmi tí àwọn ayálò sì máa fẹ́ ẹ ni ẹ̀yin náà máa fẹ́ ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe báyìí ni pé kí ẹ tún yá a, kí ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ẹ bá rí ẹni dúró ti màmá, kí ó sì bọ́ sí àsìkò tí ojú ọjọ́ ò dára. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, ìta lèèyàn ń gbé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé inú ọkọ̀ há. Ẹ jẹ́ kí òjò dè yín mọ́bẹ̀. Ẹ wò ó bí bàtà tútù ṣe ń di ẹnu ọ̀nà, bí ẹnì kan ṣe gbọ́dọ̀ jókòó kí ẹnì kejì tó lè kọjá, bí ẹ ṣe ń ká bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀ kí ẹ tó ríbi jẹun, àti ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì tó ń gbé àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ lọ dà nù. Bí ẹ bá padà dé tí bàbá ṣì ń tàn bí òṣùpá, ẹ ti rí ìdáhùn kan tí ìṣirò ò lè fún yín.

Bó bá wá jásí rírà, ní tèmi o, ìdajì owó ìfẹ̀yìntì ti pọ̀ jù. Ẹ wá èyí tó kéré tàbí tó rọlẹ̀, tí owó rẹ̀ ò ní ju ìdá mẹ́rin owó náà lọ, kí ẹ sì ti ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fẹnu kò nísinsìnyí pé ẹ máa ka iye alẹ́ yín lẹ́yìn ọdún méjì, àti pé bí kò bá tó bí ẹ ṣe rò, ẹ máa tà á nígbà tó ṣì níye lórí.