Ṣé dandan ni kí n san ₦80,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé búrẹ́dì ni mo ní nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, lágbègbè Àpákẹ́. Òṣìṣẹ́ méjìlá ló wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn mẹ́ta tó ń po fúláwà ń gba owó lórí iye àpò tí wọ́n bá pò; àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń gba ₦45,000 lóṣù. Láti ìgbà tí gómìnà ti ní ₦80,000 ni owó oṣù tó kéré jù, ara àwọn ọmọ náà kò balẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ọmọ dáadáa ni, ó ti ń wá iṣẹ́ agbálẹ̀ níléèwé ìjọba. Àbúrò ọkọ mi ní kí n lé ẹni mẹ́ta, kí n lè fi kún owó àwọn tó kù. Ṣé òfin lè mú mi? Àbí owó oṣù tó ń gòkè yìí gan-an kọ́ ló ń ba ọjà jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, mà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù òfin kúrò nílẹ̀. Owó méjì ni àwọn èèyàn ń pò mọ́ra wọn. ₦70,000 ni ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024. ₦80,000 ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé fọwọ́ sí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ti gómìnà kò kan oníṣòwò. Ti ìjọba àpapọ̀ kan oníṣòwò, ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àti àwọn tó ń gba owó lórí ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, bíi àwọn tó ń po fúláwà lọ́dọ̀ yín. Méjìlá kò tó 25. Òfin kò ní í mú yín.

Síbẹ̀, owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Ó tilẹ̀ ti dé, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ ni ọmọ tó fẹ́ lọ yẹn. Bí ẹni tó ń gbálẹ̀ níléèwé bá ń gba ₦80,000, ẹni tó ń jí di búrẹ́dì láti aago mẹ́ta òru kò lè ṣe kó má fi ara rẹ̀ wé e. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti rí i tipẹ́ ní Brazil pé nígbà tí ìjọba bá fi kún owó oṣù tó kéré jù, owó àwọn tí òfin kò dé ọ̀dọ̀ wọn náà máa ń gòkè, torí pé gbogbo èèyàn ti sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Níbí, nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìwé kankan ló ń ṣe. Òṣùwọ̀n yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn máa rí nínú òfin náà.

Ó wá ku ti lílé èèyàn. Ní Gúúsù Áfríkà, wọ́n gbé òfin owó tó kéré jù kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ní ọdún 2002, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko ní ọdún 2003. Owó àwọn méjèèjì gòkè. Lóko, iṣẹ́ dín kù, àwọn olùṣèwádìí rí i gbangba. Àwọn tó wádìí ti ọmọ ọ̀dọ̀ kò rí irú àdínkù bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ní oko ńlá lè ra ẹ̀rọ dípò èèyàn, kì í sì í ṣe òun ló ń dá iye lé ohun tó ń tà sókè òkun. Ìyá tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo, ta ni yóò lé? Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni ilé búrẹ́dì yín sún mọ́ jù. Èèyàn mẹ́sàn-án kò pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, àfi tí ẹ bá ń bọ́ àwọn tó kàn ń jókòó.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ kò sọ iye búrẹ́dì tí ẹ ń ṣe. Màá fi 400 lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ, fún ọjọ́ 26 lóṣù. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Búrẹ́dì 10,400 nìyẹn lóṣù. Tí ẹ bá gbé àwọn mẹ́sàn-án láti ₦45,000 sí ₦60,000, ohun tó lé jẹ́ ₦135,000. Ẹ pín in sórí búrẹ́dì, ₦13 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá kúkú fò dé ₦80,000, ohun tó lé jẹ́ ₦315,000, ó sì kan búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi ₦30. Mo mọ̀ pé ₦315,000 wúwo létí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ₦30 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí fúláwà, ṣúgà, bọ́tà àti díísù ti fi kún búrẹ́dì kan náà láti ọdún 2023. Mo ti bá oníbúrẹ́dì mélòó kan nílùú yìí yẹ ìwé ìṣirò wọn wò, n kò tíì rí ẹyọ kan tí owó oṣù ti ju owó fúláwà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé a kì í fi ₦13 kún búrẹ́dì. ₦50 tàbí ₦100 là ń fi kún un, bí ẹ bá sì dá a fi kún nígbà tí ẹlẹgbẹ́ yín kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà ní Under G yóò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, inú ìfiṣòfò ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá owó náà: búrẹ́dì tó jóná, èyí tó fún pọ̀ nínú ọ̀rá, èyí tí àwọn tó ń gbà á tà dá padà. Tí búrẹ́dì mẹ́wàá bá ń bàjẹ́ lójúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọṣẹ́, tí ẹ sì ń tà á ní ₦1,000, ọjà ₦260,000 ló ń ṣòfò lóṣù. Ẹni mẹ́ta tí àbúrò ọkọ yín ní kí ẹ lé, ₦135,000 ni wọ́n ń gbà. Òótọ́ ni pé iye yẹn gan-an ló máa gbé mẹ́sàn-án dé ₦60,000, mo rí ohun tó rí. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà tó bá kù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́sàn-án láti òru, ọwọ́ tó ti rẹ̀ ló sì máa ń jó búrẹ́dì.

Ní ti pé owó oṣù ló ń ba ọjà jẹ́, ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ẹ rántí ọdún 2023. Ní ìparí oṣù Karùn-ún wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí ìjọba ń jẹ́ kí wọ́n tà ní ohun tí kò tó ₦200 fún lítà kan fò kọjá ₦500. Ní oṣù Kẹfà, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ₦30,000 ti ọdún 2019 ni owó oṣù tó kéré jù ṣì wà. Owó oṣù ló ń sáré tẹ̀lé ọjà, kò sì tíì bá a: ₦30,000 ìgbà yẹn ju dọ́là 80 lọ, ₦70,000 kò tó dọ́là 50 lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú. Ká má tiì sọ ti ₦125 ọdún 1981, nígbà tí náírà kan ju dọ́là kan lọ.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ìjọba á kéde owó lónìí, gáàrí á gbówó lérí lọ́la, òṣìṣẹ́ kò sì tíì rí kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ kaṣú ní Oríire tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni yóò ra gáàrí náà ní iye tuntun. Ẹ̀yin ẹ ṣì rí nǹkan jẹ níbẹ̀, torí pé tíṣà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi kún owó wọn, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń ra búrẹ́dì àárọ̀.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá bẹ̀rẹ̀ ₦60,000 fún gbogbo àwọn mẹ́sàn-án lóṣù tó ń bọ̀, màá sì dá ìgbà tí yóò di ₦70,000, lẹ́yìn tí ìfiṣòfò bá ti dín kù. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù: òfin tuntun ti sọ àtúnyẹ̀wò di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún, ọdún 2027 ni òmíràn.

Ọmọ tó fẹ́ lọ yẹn, ẹ pè é kí ẹ tó pe àwọn yòókù. Ẹ fi ìṣirò náà hàn án lórí ìwé. Bí ó bá ṣì lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má bínú sí i. Owó ìfẹ̀yìntì wà níbi tó ń lọ, ẹ̀yin kò sì tíì lè fún un ní ìyẹn.