Níbo Ni Òkè Wà Nínú Àwòrán Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní pólì. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, ó fi àwòrán kan hàn mí nínú ìwé rẹ̀, Mountains and Sea ni wọ́n pè é. Obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Helen Frankenthaler ló yà á. Ọmọ mi ní òkè àti òkun ni. Mo wò ó títí, n kò rí òkè, n kò rí òkun. Ohun tí mo rí kò yàtọ̀ sí àkísà tí àwọn akunlé fi ń nuwọ́. Òun náà wá ní òun fẹ́ ya omi Erin Ìjẹ̀ṣà bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá òun. Kánfáàsì àti ọ̀dà òróró kì í ṣe owó kékeré. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iṣẹ́ nìyí, àbí ọ̀nà àtisá fún iṣẹ́? Bàbá kan, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ ó jèrè rẹ̀ lágbára Olódùmarè. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ gidi sì ni. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ bí obìnrin náà ṣe yà á, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn yín wà.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ pè é ní àkísà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní New York ní 1953, àwọn kan wò ó, wọ́n ní àkísà ọ̀dà ni. Frankenthaler kò tìtorí ìyẹn sọ ọ́ nù. Àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ni àwòrán náà dòní, bẹ́ẹ̀ ó ti kú láti 2011.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó yà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1952, ó rìnrìn àjò lọ sí Nova Scotia ní Kánádà, létíkun níbi tí òkè ti ń sọ̀kalẹ̀ wá pàdé omi. Kò kàn lọ ṣeré níbẹ̀. Ó gbé bébà kéékèèké àti ọ̀dà olómi dání, ó ń ya òkè, ó ń ya omi, bí ojú rẹ̀ ṣe rí wọn gan-an, níta gbangba. Bàbá, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ó ti ya ibẹ̀ ní àyàtúnyà kó tó di pé ó ya èyí tí ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nígbà tó padà dé New York, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ó tẹ́ kánfáàsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èyí tí kò fi nǹkan kan pa lára rárá. Gíga rẹ̀ lé ní mítà méjì, fífẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta. Ó fi èédú fa ìlà díẹ̀. Ó po ọ̀dà òróró mọ́ tapintáìnì títí ó fi ń ṣàn bí omi, ó wá ń dà á sórí aṣọ láti inú agolo. Kò da àwọn àwòrán kékeré tó yà ní Kánádà kọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ pé àwọn òkè àti omi yẹn wà nínú apá òun bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ náà. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Ojú ti rí i, ọwọ́ ti yà á léraléra, títí apá fi mọ bí òkè ṣe ń dìde àti bí omi ṣe ń tẹ́ lọ. Ohun tó wà nínú apá yẹn ló dà sórí kánfáàsì.

Ayàwòrán Amẹ́ríkà kan, Jackson Pollock, ti ń da ọ̀dà sórí kánfáàsì nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, Frankenthaler sì ti rí iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Pollock, ọ̀dà nípọn, orí aṣọ ló ń jókòó sí. Ti obìnrin yìí wọnú òwú lọ ni. Àwa tí a dàgbà sí àdúgbò aláró mọ ohun tí mò ń sọ: aró kì í lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ, ńṣe ló ń mu wọnú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán náà kò fi ń dán, tí ibi tí kò kan ọ̀dà rárá sì fi dà bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

Mo ti fojú ara mi rí i ní National Gallery of Art ní Washington, níbi tí wọ́n yá a sí, nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi. Ohun tí ìwé kò lè fi hàn yín ni pé ìlà èédú ṣì hàn lábẹ́ àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ ó sì rí i pé òróró ti yọ jáde lẹ́bàá àwọn àwọ̀ kan, ó rìn kọjá ibi tí ọ̀dà dúró, ó ṣe òrùka pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín, àwọn àwọ̀ ń gorí ara wọn lọ sókè. Lápá ọ̀tún, àwọ̀ búlúù tẹ́ lọ gbọọrọ. Ẹ má wá òkè onígoońgo. Ẹ wá ibi tí àwọ̀ ti ń gun òkè, àti ibi tó ti dùbúlẹ̀. Ẹ fi ìwé náà jìnnà sójú yín díẹ̀, kí ẹ tún un wò.

Ní 1953 kan náà, ayàwòrán méjì, Morris Louis àti Kenneth Noland, wá láti Washington wá wo iṣẹ́ yìí ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n pa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ọ̀dà tẹ́lẹ̀ tì. Louis sọ pé obìnrin náà ni afárá láàárín Pollock àti ohun tó ṣeé ṣe. Àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ nìyẹn o. Wọn kì í tìtorí àkísà yí iṣẹ́ padà.

Ó wá ku ti ọmọ yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: ṣé o ti lọ jókòó sí Erin Ìjẹ̀ṣà rí? Tó bá jẹ́ fọ́tò inú fóònù nìkan ló ní, ẹ̀rù tó ń bà yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń da ọ̀dà káàkiri, tí wọ́n á ní abstract ni, ìyẹn àwòrán tí kò ya nǹkan bí ojú ṣe ń rí i, ó sì ń dùn mí wọra, torí wọ́n ń ba iṣẹ́ àwọn tó ń forí ṣe é jẹ́. Ipele méje ni omi yẹn ní, ìmọ́lẹ̀ ipele kan kò sì jọ ti èkejì. Ariwo omi ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè. Kó lọ nígbà òjò, kó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó fi ọ̀dà olómi yà á sínú ìwé kékeré títí ìwé á fi kún. Ìyẹn kò ná yín ju owó ọkọ̀ àti bébà lọ. Tó bá ti kó ìwé yẹn wá bá yín, ẹ ra kánfáàsì fún un, ẹ má wo ẹ̀yìn.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, ẹ káàsán mà. Mo fi ọ̀dà òróró ya àwòrán sórí aṣọ funfun olówùú lásán, n kò fi nǹkan kan pa á. Ẹ̀yìn aṣọ náà ti ń pọ́n, ó ti gan, ó sì ń ya níbi tí mo ká a sí. Kí ni kí n ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òróró linseed tó wà nínú ọ̀dà ló ń jẹ aṣọ rẹ. Bó ṣe ń gbẹ, ó ń gba afẹ́fẹ́ sínú, ó sì ń di kíkan, kíkan yẹn ló ń jẹ òwú. Aṣọ tí Frankenthaler lò náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣú ju bó ṣe wà lọ. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó bọ́ sí ọ̀dà acrylic, èyí tí wọ́n ń fi omi pò, tí kì í jẹ aṣọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kí àwọ̀ mu wọnú aṣọ ni o fẹ́, acrylic ni kí o lò. Tó bá jẹ́ ọ̀dà òróró lo fẹ́ràn, kọ́kọ́ fi gúlù kánfáàsì pa aṣọ, jẹ́ kó gbẹ, kí o tó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó ti pọ́n yẹn, má ká a mọ́. Tẹ́ ẹ sórí pákó, kí o gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Òwú tí òróró ti jẹ kò ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n o lè jẹ́ kó pẹ́ sí i.

Mo tún fẹ́ sọ èyí fún ọ, torí mo mọ bí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí. Àkísà tó ti mu òróró linseed, má kó o jọ sí kọ̀rọ̀. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná, láìsí ìṣáná. Rì í sínú omi nínú agolo onídèérí, tàbí kí o sá a síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí á fi gan. Bí o bá sì ti ṣí tapintáìnì, ṣí fèrèsé.